Ilẹ̀ ẹbí, ilẹ̀ ẹstéètì, àbí ilé tó ti ní ayálégbé: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà?

Ẹni tó bá kó mílíọ̀nù díẹ̀ jọ ní Èkó, Ògùn tàbí Ọ̀yọ́, tó sì fẹ́ kí owó náà máa bímọ, ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀. Ó lè ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín, ó lè máa san díẹ̀díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹstéètì, ó sì lè ra ilé àtijọ́ tí àwọn ayálégbé ti ń gbé. Iye tí wọ́n kọ sórí pátákó ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wé wọn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Owó tí yóò ṣì jáde lápò yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó ọjà tán ni kí ẹ fi wé wọn, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ owó pọ́ọ́kú ti ń di ọ̀wọ́n.

Ilẹ̀ ẹbí

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ àwọn ẹbí ni wọ́n ṣì ń tà á fún wa. Ó sábà máa ń dín ní owó ju ti ẹstéètì tó wà ládùúgbò kan náà lọ, púlọ́ọ̀tì rẹ̀ sì máa ń kún. Púlọ́ọ̀tì tí a mọ̀ l'Ékòó láti ọjọ́ pípẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní òòró, ìyẹn nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 670. Lọ́dọ̀ àwọn ẹstéètì, ẹ lè rí 300 tàbí 500 tí wọ́n ń pè ní púlọ́ọ̀tì kan. Ẹ kọ́kọ́ pín owó sí mítà kí ẹ tó sọ pé èyí wọ́n ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè tó gbọdọ̀ ṣáájú ni pé ta ló ń tà. Ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ tipẹ́: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, títà náà kò tà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan (ìyẹn àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí) ló yẹ kó fọwọ́ sí ìwé yín, kí lọ́yà tiyín sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹjọ́ láàárín ẹbí méjì. Ẹbí tó tà fún yín lè pàdánù ẹjọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kí ẹbí tó borí wá kanlẹ̀kùn pé kí ẹ wá tún ilẹ̀ náà rà lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sanwó ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ẹ lọ síbẹ̀ láìmú ẹ́jẹ́ǹtì dání. Ẹ bi àwọn tó ti kọ́lé, ẹ bi ìyá tó ń tajà ní ìkòríta, ẹ bi báálẹ̀ bóyá ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ náà. Ohun tí ẹ́jẹ́ǹtì kò ní sọ, àwọn yẹn á sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbà. Òfin ààbò dúkìá tí Èkó ṣe ní 2016 fi ìjìyà lé fífi ipá gba ilẹ̀ àti dídí oníṣẹ́ ìkọ́lé lọ́wọ́, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ de òfin nìkan. Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀, ẹ bá ẹbí náà dúnàádúrà gbogbo owó wọ̀nyí, kí iye rẹ̀ wà nínú àdéhùn, kí ẹ sì fi kún iye ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣírò.

Ilẹ̀ ẹstéètì

Ohun tó dùn níbẹ̀ ni sísan díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àmọ́ ìlérí ni ẹ ń rà títí dìgbà tí wọ́n bá fi ilẹ̀ hàn yín, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó san owó tán ni wọ́n ń fi ilẹ̀ hàn kíákíá. Ẹ béèrè iye ìwé àdéhùn, iye sọ́fè àti owó títún ẹstéètì ṣe, torí wọn kì í sí lórí pátákó. Ẹ béèrè bákan náà bóyá wọ́n máa fi dandan lé e pé kí ẹ kọ́lé láàárín àkókò kan.

Ní ti ìwé, bí ìjọba bá ti gba ilẹ̀ abúlé kan tẹ́lẹ̀, tó wá dá apá kan padà fún àwọn ará abúlé, ó máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba. Bí ilé iṣẹ́ bá ní "gásẹ́ẹ̀tì ń lọ lọ́wọ́", kò tíì sí gásẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ẹ má san iye ilẹ̀ tó ti ní gásẹ́ẹ̀tì fún un.

Ìbẹ́jú-Lẹ́kí ni wọ́n ń polówó jù lóde òní, ìdí sì wà: èbúté òkun jíjìn ti Lẹ́kí ṣí ní oṣù kìíní 2023, ilé ìfọpo Dangote sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó jìnnà gan-an sí ibi méjèèjì náà ni wọ́n ń pè ní aládùúgbò wọn. Ẹ gun mọ́tò débẹ̀ fúnra yín, kó sì jẹ́ lásìkò òjò, ní oṣù kẹfà tàbí ìkẹwàá. Ilẹ̀ tó gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lè di àbàtà, owó yanrìn tí ẹ ó dà síbẹ̀ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Yálà ilẹ̀ ẹbí ni o tàbí ti ẹstéètì, ohun kan wà tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fò. Ẹ jẹ́ kí sọ́fèyọ̀ tiyín fúnra yín, tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, gbé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Sọ́fèyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i bóyá ìjọba ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan, tàbí bóyá ojú ọ̀nà, kánálì tàbí abẹ́ wáyà iná ńlá ló wà. Kí lọ́yà náà yẹ ìwé wò níbi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀: Alausa fún Èkó, Òkè-Mosàn fún Ògùn, Agodi fún Ọ̀yọ́. C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni, pàápàá kì í sọ ẹni tí kò ni ilẹ̀ di onílẹ̀; kóòtù ti fagi lé irú rẹ̀ rí.

Ilé tó ti ní ayálégbé

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, pàápàá ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, níbi tí ilé àtijọ́ ṣì wà láàárín ìlú. Ọdún tí ẹ rà á gan-an ni owó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò àpẹẹrẹ kan: ká ní ilé mílíọ̀nù 30 náírà ní ayálégbé mẹ́rin, tí kálukú ń san 500,000 lọ́dún. Mílíọ̀nù méjì nìyẹn. Ẹ yọ 400,000 fún àtúnṣe àti owó orí ilé, ó ku 1,600,000. Yóò tó ọdún 19 kí owó yín tó padà bí owó ilé kò bá lọ sókè. Ó pẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ǹsì sílẹ̀ kì í mú kọ́bọ̀ wọlé títí ẹ ó fi tà á.

Ewu tirẹ̀ wà nínú ogún. Bí bàbá tó kọ́ ilé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ ló ni ilé náà, ọmọ kan ṣoṣo kò lè tà á. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí "This house is not for sale" lára ògiri káàkiri ìlú. Ẹ gba ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ gíga fún àwọn tó ń bójú tó ogún, kí gbogbo ọmọ sì fọwọ́ sí i.

Àwọn ayálégbé náà ń bá ilé wá. L'Ékòó, òfin ilé gbígbé ti 2011 kò jẹ́ kí onílé gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ẹni tó ń san lọ́dọọdún sì ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìfitónilétí oṣù mẹ́fà kí ẹ tó lé e, àyàfi bí àdéhùn yín bá sọ ohun mìíràn. Òfin náà kò dé Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti Ìkẹjà GRA. Ẹ wo mítà iná àti gbèsè orí ilé kí ẹ tó dúnàádúrà.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

Bí ẹ bá ń wá owó tí yóò máa wọlé, ẹ ra ilé, kódà kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò dàwó jọ pẹ̀lú àdéhùn tó ti ọwọ́ lọ́yà wá. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́lé láàárín ọdún mẹ́ta, ilẹ̀ ẹbí tí kò ní ẹjọ́ lórí ni, kí ẹ sì tètè fẹ́ǹsì í, kí ẹ fi ẹnì kan síbẹ̀. Ẹstéètì, mo máa fọwọ́ sí i níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń gbé nínú rẹ̀ nìkan. Fún gbogbo wọn, ẹ fi owó ìyọ̀ǹda gómìnà (àṣẹ tí gómìnà ń fọwọ́ sí kí ilẹ̀ tó lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn) sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, torí òfin 1978 kò ka títà tí kò ní in sí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, orúkọ tiyín ni kó wà lórí ríṣíìtì àkọ́kọ́, kó má ṣe jẹ́ ti àbúrò tó ń bá yín sáré rẹ̀. Lọ́yà tí kò bá ẹni tó ń tà tan ni kí ẹ mú. Bí wọ́n bá sì fi fídíò ilẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n sún mọ́ òpó sọ́fè igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ lè ka nọ́ńbà tó wà lórí wọn, kí ẹ sì fi wé èyí tó wà nínú ìwé sọ́fè.