Kaféè kan ní Ọláìyá tó ń báni ṣe wàhálà owó ìjọba

Tẹ́ ẹ bá ní ìyá àgbà tẹ́ ẹ fẹ́ bá wá owó ìrànwọ́ ìjọba, kaféè kan wà nítòsí Ọláìyá l'Óṣogbo níbí, ẹ lọ síbẹ̀. Bọ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ńbẹ̀ ní sùúrù fún arúgbó, kì í pariwo mọ́ wọn, ó sì sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé líǹkì táwọn èèyàn ń pín lórí WhatsApp pé ká fi forúkọ sílẹ̀ fún owó náà, irọ́ ni, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lórí ìyẹn.

Ìjọba gan-an ni ká bá jà o jàre. 25,000 náírà tí wọ́n kéde ní 2023 pé ìdílé mílíọ̀nù 15 máa gbà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta, tó di January 2024 wọ́n ní ká dúró ná, tí wọ́n tún wá bẹ̀rẹ̀ padà NIN ni wọ́n ń bèèrè, orúkọ ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti báńkì mu, ti màámi "Sínátù" ló wà níbì kan, "Zeenat" níbì kejì (ta ló tiẹ̀ ń jẹ́ Zeenat nílé wa?), a dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tún un ṣe, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ò sí.

Bọ̀dá kaféè ló padà bá wa tún un ṣe lórí fóònù. Láminéṣọ̀n wọn wọ́n ṣá, bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló sì wà níta.