Àgbéyẹ̀wò Ìdánwò Ìbòmú Tí Wọ́n Fi Ẹ̀rọ PortaCount Ṣe fún Mi

Iṣẹ́ gígé òkúta àti kọnkéré ni mò ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òfin ti béèrè pé kí agbanisíṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìbòmú tí òṣìṣẹ́ ń lò lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ gírígírí. Wọ́n ti fi oògùn kíkorò ṣe irú ìdánwò yìí fún mi rí, tí ẹni tó wọ ìbòmú yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ó korò lẹ́nu òun. Ti PortaCount tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ, nítorí pé ẹ̀rọ ló ń kà á.

Wọ́n lu ihò kékeré sára ìbòmú, wọ́n sì so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Rọ́bà kejì ń fa afẹ́fẹ́ inú iyàrá. Ooru álíkọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ náà máa ń bo àwọn ẹ̀rúnrún tí ojú kò lè rí títí wọn yóò fi tóbi tó èyí tí iná lésà lè kà. Bí a bá wá fi iye ti inú ìbòmú pín iye ti ìta, ohun tó bá jáde ni èsì, ó sì gbọ́dọ̀ tó 100 fún FFP3 (ìbòmú tó bo imú àti ẹnu nìkan, tó ń sẹ́ eruku), tàbí 2,000 fún èyí tó bo gbogbo ojú.

Nígbà tí mo ń mí jẹ́jẹ́, nọ́ńbà náà ga. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo tún ń sọ̀rọ̀, ó já wálẹ̀. Olùdánwò náà ní kí n fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ irin orí imú láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà sì gòkè lójú mi. Ibi tí mo ti rí èrè iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. (Ẹ fá irùngbọ̀n yín láàárọ̀ ọjọ́ náà o, ẹni tí kò bá fẹ́ fá a, kí ó béèrè fún akoto onífáànù, tí kò nílò ìdánwò yìí.)

Ohun tí mo ń bá iléeṣẹ́ tó ṣe ìdánwò náà jà lé lórí ni pé wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sórí káàdì èsì mi láìṣàlàyé rẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́, ìlọ́po 20 péré ni wọ́n ń ṣírò pé FFP3 ń dín eruku kù, nítorí pé òógùn ń jáde, ìbòmú sì ń yẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìdánwò náà kì í wọn eruku tí mò ń gé. Pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n ń so mọ́ bẹ́líìtì, tí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́bàá kọ́là, ló ń wọn ìyẹn, ìta ìbòmú ló sì ti ń wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n eruku sílíkà (èyí tó ń jáde lára òkúta àti kọnkéré) tí òfin ní afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá ni 0.1 mílígíráàmù nínú mítà kúbíìkì kan, ní àròpín wákàtí 8. Bí pọ́ǹpù bá wá fi 1 hàn, tí a fi 20 pín in, 0.05 ló kù nínú ìbòmú, kò sì tó ìwọ̀n òfin. Bó bá fi 3 hàn, 0.15 ló máa kù, FFP3 kò gbà á mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi pa eruku náà.

Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é, agbanisíṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìbòmú àti ìwọ̀n tí wọ́n kọ sórí káàdì nìkan ló kàn: bí wọ́n bá gbé irú mìíràn wá sí ibi iṣẹ́, ẹ tún ìdánwò ṣe kí ẹ tó wọ̀ ọ́.