Bí mo ṣe múra fún NEBOSH IGC: ibi tí owó mi ti ṣòfò àti ibi tó ti wúlò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí látọjọ́ yìí pé ṣé kẹ́ ẹ sanwó NEBOSH IGC (International General Certificate), ìyẹn ìwé ẹ̀rí lórí ààbò níbi iṣẹ́ tí àjọ NEBOSH ń fúnni, àbí kẹ́ ẹ má san, mo ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí fóìsì nóòtì tí mo ń ṣe fún yín ti pọ̀ jù. Ọdún 2023 ni mo ṣe tèmi. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ rọ́bà ni mo wà ní Ọ̀tà, sítọ́ọ̀ ni mo ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ kí ọ̀gá wa tó ní kí n máa bá wọn mójú tó séfútì, ìyẹn ààbò àwọn òṣìṣẹ́, mi ò sì mọ nǹkan kan nínú ẹ̀ ju kí n máa pariwo "ẹ dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì yín" lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí bẹ̀rẹ̀. Ibi àkọ́kọ́ tí mo sanwó sí, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n kó wa sí gúrúùpù WhatsApp, wọ́n da PDF síwájú wa bí ẹni da àgbàdo fún adìyẹ, kíláàsì Sátidé méjì péré, ọ̀gbẹ́ni yẹn kàn ń ka sílàìdì lọ ni, tẹ́ ẹ bá bèèrè ìbéèrè á ní ó wà nínú ìwé. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a kọ ìdánwò ni ọ̀kan nínú wọn pè mí lálẹ́ pé tí mo bá fowó díẹ̀ kún un, àwọn á bá mi kọ ọ́. Ara mi bù máṣọ. Mo ní rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sọ irú ẹ̀ fún yín, ẹ sá. NEBOSH máa ń yẹ iṣẹ́ èèyàn wò bóyá ó jọ ti ẹlòmíì, tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀ ẹ́ wọ́n á fagi lé èsì ẹ, owó ti lọ, orúkọ náà ti bàjẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, ta ló fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí ẹlòmíì kọ ìdánwò fún ni yóò máa sọ fún òun pé gun àkàbà yìí, kò ní yẹ̀? Mo jáwọ́ níbẹ̀. Owó yẹn ò padà wá.

Kí n tó san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo lọ sórí wẹ́ẹ̀bù NEBOSH fúnra wọn. Ìlú Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, látọdún 1979 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn kọ́ ló ń kọ́ èèyàn, learning partner, ìyẹn àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, ló ń kọ́ èèyàn, orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí sì wà níbẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí. Ibi tí mo ti rí orúkọ wọn níbẹ̀ ni mo lọ. Sátidé àti Sọ́ńdè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìdajì ní Ìkẹjà, ìdajì lórí Zoom.

Màdáámù tó kọ́ wa, kí Ọlọ́run bá mi bù kún wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ní kí a túmọ̀ hazard sí Yorùbá, gbogbo wa ní "ewu". Wọ́n ní risk ńkọ́, a tún ní "ewu". Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ife omi, wọ́n dà á sórí táìsì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gbé àga dí ọ̀nà yẹn. Wọ́n ní omi ni hazard, ó wà níbẹ̀, òun ò tíì nù ún, omi yẹn ló lè ṣeni léṣe. Risk ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kí èèyàn yọ̀ ṣubú, àti bí ìṣubú yẹn ṣe máa le tó. Bí àga bá dí ọ̀nà ó kéré. Tí wọ́n bá gbé àga kúrò, tí àwa ogún èèyàn ń wọlé pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù lọ́wọ́, ó ti di ńlá, omi kan náà ni o. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bi wá pé kí la máa ṣe sí i. Àwa kan ní bàtà tí kì í yọ̀, àwọn kan ní kí wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ní kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ pé kí a nù ún? Kí ló dé tí ẹnì kankan ò bèèrè ibi tí omi ti wá? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa ní hierarchy of control láì tíì ṣí sílàìdì: kọ́kọ́ mú ewu kúrò pátápátá, tí kò bá ṣeé ṣe fi ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò ẹ̀, lẹ́yìn náà dí i mọ́, lẹ́yìn náà ìlànà àti ìkìlọ̀, bàtà àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn. Èmi tó jẹ́ pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ń pariwo ẹ̀ láti ọjọ́ yìí!

Ìdánwò pín sí méjì. IG1 ni ti àkọ́kọ́, wákàtí 24 ni wọ́n fún wa láti fi ṣe é nílé, èèyàn lè ṣí ìwé, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 3,000 ni wọ́n ní kí a kọ, 45 ni ẹni tó máa yege gbọ́dọ̀ gbà, 65 ni Credit, 75 ni Distinction. Torí pé èèyàn lè ṣí ìwé, ọ̀pọ̀ rò pé ó rọrùn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣubú sí. Wọ́n á fún ẹ ní ìtàn ilé iṣẹ́ kan, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń wá, ohun tó wà nínú ìtàn yẹn ni wọ́n fẹ́ kó o fi gbe ìdáhùn ẹ lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi ara mi dánra wò, 38 ni mo gbà, màdáámù fi báírò pupa kọ "níbo ló wà nínú ìtàn?" sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn mi lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, mo kà á. Mo kọ pé àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ò fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀, ó parí síbẹ̀. Ohun tó yẹ kí n kọ ni pé ọ̀gá náà gba àárín ibi tí fọ́kílíìfùtì ti ń lọ tó ń bọ̀, kò sì wọ fẹ́ẹ̀sìtì tó fúnra ẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn mi ò kọ kókó kankan mọ́ láì sí "torí pé" nídìí ẹ̀.

Sample paper wà lórí wẹ́ẹ̀bù NEBOSH lọ́fẹ̀ẹ́, HSG65, ìwé lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe ń mójú tó ààbò, tí HSE, àjọ ààbò níbi iṣẹ́ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan tà wọ́n fún yín.

Ọjọ́ ìdánwò, wọ́n mú iná lọ ní aago méje alẹ́, àǹtí ilé kejì ló jẹ́ kí n wá jókòó sí pálọ̀ wọn torí wọ́n ní ínfátà. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti fi ránṣẹ́, wọ́n á tún pè é lórí fídíò, á fi káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ hàn, wọ́n á bi í nípa ohun tó kọ. Ẹni tí ẹlòmíì kọ ọ́ fún, ibẹ̀ ni àṣírí á ti tú.

IG2, ìyẹn apá kejì, ni mo fẹ́ràn jù. Ibi iṣẹ́ tìẹ gan-an lo máa yẹ̀ wò, ó kéré tán hazard 10 láti ìsọ̀rí 5 ó kéré tán, wàá wá mú ohun mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wàá sì sọ ìdí ẹ̀: ti ọmọnìyàn, ti òfin, ti owó. Mo mú bírò àti nóòtì, mo yí ilé iṣẹ́ wa ká bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Ẹ̀rọ kírọ́ṣà wà níbẹ̀ tó ń lọ rọ́bà tó bàjẹ́, ó ní gáàdì lórí, súwíìṣì kékeré kan wà lára gáàdì yẹn tó yẹ kó pa ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣí i. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó dáadáa. Wọ́n ti fi wáyà bàbà yí súwíìṣì yẹn ká, ó ti dúdú, epo ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti pẹ́ gan-an. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọjá níwájú ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀ ní "àǹtí, tí a ò bá so ó, á máa kú ní gbogbo ìgbà tí rọ́bà bá há." Ọwọ́ ló fi ń fa rọ́bà tó bá há yọ. Òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta mi. Mo tọ́ka sí àdéhùn kọkàndínlọ́gọ́fà ti ILO, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ìyẹn C119 ti ọdún 1963, lórí bíbo ẹ̀rọ, àti Factories Act tiwa níbí tó ní kí wọ́n bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: kíláàsì kẹ́míkà, wọ́n sáré é jù, èmi fúnra mi ni mo lọ tún un kà. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ń gòkè bí pọ́n-ùn, owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ń gòkè, ẹ bi wọ́n dáadáa bóyá owó ìdánwò wà nínú iye tí wọ́n pè àbí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lè yọ wákàtí kan àbọ̀ lálẹ́, kó dúró ná.

Mo gba 71 ní IG1, mo yege IG2. Mo tẹ ojú ìwé tí mo kọ ohun mẹ́ta yẹn sí jáde, mo gbé e fún mánéjà wa, wọ́n kà á lórí ìdúró, wọ́n pe ẹlẹ́tíríìkì wá lọ́jọ́ yẹn. Súwíìṣì tuntun ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ra ọ̀pá onírin kan tí wọ́n fi ń fa rọ́bà tó bá há lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kú. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ wò ó.