Títáìpù CV l'Óṣogbo: ọwọ́ wọn yá, àmọ́ ìwé wọn gùn jù

Láti Ọláìyá títí dé Òkè-Fìà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń táìpù CV kò wọ́n. A ò ní dárúkọ ìkankan, torí àṣà wọn jọra. Ọwọ́ wọn yá, ìwé wọn sì máa ń mọ́ tónítóní. Ibi tí wọ́n ti ń kùnà ni gígùn.

Iye ojú ìwé ni wọ́n fi ń gbowó, ta ló máa wá bá yín gé ọ̀rọ̀ kúrú? CV ẹlòmíì ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ yín ni wọ́n á kàn fi rọ́pò tirẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, tí kò ṣiṣẹ́ kankan rí ju SIWES (iṣẹ́ ìdánrawò akẹ́kọ̀ọ́) lọ, á gba ojú ìwé mẹ́ta: ẹ̀sìn, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù wíwò. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Àpò onítáìpù ló ń kún.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé ọdún márùn-ún, ojú ìwé kan tó o. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin lè lo méjì. Ti olùkọ́ yunifásítì yàtọ̀: ẹni tó ń wáṣẹ́ sí UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gbọ́dọ̀ to gbogbo ìwé tó ti tẹ̀ jáde, ìyẹn sì lè dé ojú ìwé mẹ́wàá. Bí ìkéde iṣẹ́ bá sì béèrè ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ àti orúkọ ẹni mẹ́ta tó lè jẹ́rìí sí yín (referee), ẹ kọ wọ́n. Bí kò bá béèrè, ẹ yọ wọ́n.

Ilé ni kí ẹ ti gé e kí ẹ tó lọ. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ gba ìlà mẹ́rin sí mẹ́fà, ti àtijọ́ gba méjì. Bí ìlà mẹ́ta bá ṣẹ́ kù sí ojú ìwé kejì, onítáìpù á fẹ́ sọ ìwọ̀n lẹ́tà di 8 kó lè wọlé. Ẹ má gbà: 11 ló dáa, 10 ni ìpẹ̀kun. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ gé. Àyè òfìfo etí ìwé A4 lè dín láti sẹ̀ǹtímítà 2.54 sí 2, kó má dín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gba PDF, kí ẹ sì gba fáìlì Word pẹ̀lú. Word nìkan léwu: bí kọ̀ǹpútà agbanisíṣẹ́ kò bá ní irú lẹ́tà tí wọ́n lò, ìlà á sún, ojú ìwé kan á di méjì. Àmọ́ láìsí Word, ẹ ó tún sanwó títáìpù lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi tébù (table, àpótí onílà) to iṣẹ́ yín. Bí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń ka CV lè da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rú.

Òdòdó tí wọ́n fi ń yí etí ìwé ká ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.