Bọ́ọ̀sì alẹ́ SUG wa: wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n tún padà wá gbé mi

Mi ò kọ irú èyí rí, ẹ forí jì mí tó bá gùn. Ṣùgbọ́n ohun tójú mi rí lálẹ́ Tuesday nídìí bọ́ọ̀sì alẹ́ tí SUG (ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́) iléèwé wa l'Abuja níbí ń ṣe, tí n ò bá sọ ọ́ síta inú mi á bẹ́. Mi ò ní dárúkọ iléèwé. Ẹni tó bá ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn ti mọ̀.

Ẹ mọ bó ṣe ń lọ: ẹ máa kún fọ́ọ̀mù lórí WhatsApp kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù, ẹ fi ₦200 ránṣẹ́, orúkọ yín á jáde lórí lísìtì, bọ́ọ̀sì á gbé yín láti láíbìrì dé ẹ̀yìn géètì lọ́hùn-ún níbi tí àwa tí ò rí họ́sítẹ́ẹ̀lì ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ń gba ₦500 lálẹ́, tí wọ́n bá sì rí i pé obìnrin ni yín tí ọyẹ́ sì ń mú, ó lè di ₦700. Àtìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 làwa àti oníkẹ̀kẹ́ ti ń fà á. ₦20,000 tí NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń san fún wa lóṣù, ìrẹsì àti gáàsì ti gbé e mì kó tó balẹ̀. Torí náà bọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe fáàrí fún mi o.

Aago 9:30 ni mo ti dúró. Bọ́ọ̀sì dé ní 10:05. Kódínétọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán yẹn, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn sórí lísìtì, òyìnbó ló ń sọ fún gbogbo ayé. Mo ní Ọmọ́tóyọ̀sí. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní kò sí níbẹ̀. Mo gbé álàátì jáde, ₦200, aago 2:17 ọ̀sán, ó ní álàátì kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Mo bá na ọrùn wò ó fúnra mi. Nọ́ńbà 14: "Omo". Fọ́ọ̀mù wọn ti gé orúkọ mi kù sí Omo, bí ọṣẹ ìfọṣọ! Bàbá mi pa àgbò lórí orúkọ yẹn o! Mo ní èmi nìyẹn, ó ní "Omo wo?", pé Omo kan ti wọlé jókòó. Mo yọjú wo inú ọkọ̀, Ọmọ́wùmí kan tí mo mọ̀ lójú ló wà níbẹ̀, ó ti ki íápíìsì bọ etí, kò tiẹ̀ kọjú síbi tí mo wà. Mo ní kó bi í ní álàátì tiẹ̀. Ó ní òun ò lè gbé ẹni tó ti jókòó dìde. Irú òfin wo nìyẹn?

Mo pariwo débi pé sìkiọ́ríítì láíbìrì jáde wá. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ní "Sister, ẹ jẹ́ ká lọ sùn jàre". Dírẹ́bà tẹ họ́ọ̀nù, bọ́ọ̀sì lọ, ó ku àwa mẹ́rin nínú òtútù. Mo bọ́ sórí gúrúùpù SUG, mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé OLÈ NI YÍN. Ìṣẹ́jú méjì ò pé tí ádímíìnì fi yọ mí kúrò. Ẹni tí ẹ gba owó lọ́wọ́ ẹ̀!

Ibi tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi fi síkírínṣọ́ọ̀tì síbẹ̀ ni mo ti rí i pé kódínétọ̀ yìí ò bá bọ́ọ̀sì lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn láíbìrì. Fóònù ẹ̀ dún, mo bá gbọ́ "Màmá, ẹ kú alẹ́ mà. Rárá, mi ò tíì jẹun. Àwọn kan ló kù níbí tí mo fẹ́ kó délé." Háà! Ọmọ Yorùbá ni! Ará apá Kabba ni, ahọ́n ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tàwa ará Òṣogbo. Gbogbo òyìnbó tó ti ń rọ̀jò ẹ̀ lé mi lórí látẹ̀ẹ̀kan! Mo bi í kí ló dé, ó ní tóun bá fi Yorùbá bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ̀, àwọn tó kù á ní ẹ̀yà òun lòun ń gbé. Mi ò rí èsì fọ̀. L'Abuja yìí, òótọ́ ni.

Wọn ò san kọ́bọ̀ fún un. Láti aago 6 ló ti wà lórí ìdúró, ó sì ní ìdánwò aago 8 àárọ̀. Ó pe dírẹ́bà: "Malam, don Allah, saura mutum huɗu" (ẹ jọ̀ọ́, ó ku èèyàn mẹ́rin), ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń bẹ àna. Nígbà tó di 11:20 a rí iná ọkọ̀. Bàbá dírẹ́bà ní "sannu, ku shigo, ku shigo" (ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ wọlé), bí ẹni pé àwa la ṣe é lóore. Kò já wa sí jọ́ńṣọ̀n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó gbé kálukú dé ẹnu ilé, ó tan iná mọ́tò sára géètì wa títí mo fi wọlé tì í. Mo dúpẹ́, ó ní "ba komai", kò sí nǹkan kan. Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi, ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà.

Ẹ dúró o, kí n má gbàgbé: kí n tó wọkọ̀ yẹn, kódínétọ̀ gba ₦200 mìíràn lọ́wọ́ mi! Ó ní epo ìrìn kejì ni, kí n kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì Wẹ́fíà (Welfare) SUG, wọ́n á dá a padà. Mo kọ ọ́. Ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ń mu gààrí, kò gbójú sókè, ó ní kí n mú ẹ̀dà méjì wá. Fótókọ́pì gba ₦100. Mo wá ń ná ₦100 kí n lè gba ₦200.

Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti fẹjọ́ sùn. Wọ́n wà ní yunifásítì lọ́dún 1978, nígbà tí ìjọba gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ láti ₦1.50 sí ₦2 lójúmọ́, tí gbogbo iléèwé tú síta tí wọ́n ń pariwo "Ali Must Go", pé kí Ali tó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ nínú ìjọba àpapọ̀ máa lọ, tí ìbọn pa àwọn kan ní Zaria àti Èkó. Wọ́n ní "Àwa kojú ìbọn nítorí oúnjẹ, ìwọ ń jà nítorí nọ́ńbà 14." Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí.

Ti Sátidé ni n ò rí àléébù sí. Bọ́ọ̀sì yẹn kan náà máa ń gbé àwọn ìyá Gbagyi, ẹ̀yà onílẹ̀ Abuja, láti abúlé ẹ̀yìn iléèwé lọ sọ́jà, ọ̀fẹ́. Èmi ọmọ Òṣogbo tó jẹ́ pé orí ni mo mọ̀ fún ẹrù, èjìká làwọn ń gbé e sí, ìdì igi tó ju èmi gan-an lọ. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ á bọ́ sílẹ̀ lábúlé, a ó kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò títí ọkọ̀ á fi padà dé. Kódínétọ̀ wa náà wà níbẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀. Kò wọ jákẹ́ẹ̀tì.

Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5. Ọjọ́ tí ₦200 mi bá wọlé, màá sọ ọ́ di 3. Wọ́n ti dá mi padà sórí gúrúùpù, ádímíìnì kọ "Welcome Omo". Mo ti kún fọ́ọ̀mù tọ̀la, nọ́ńbà 9.