Ricoh GR III lọ́wọ́ ẹni tó ń ya ìgbé ayé àwọn ará àdúgbò

Bí kámẹ́rà ńlá bá ti jáde nínú báàgì, ìṣe èèyàn á yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á pa ẹnu dé, ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri á nàró, àwọn ọmọdé á pa eré tì, wọ́n á sáré wá dúró ṣánṣán níwájú onífọ́tò. Ohun tó wù wá láti yà ti bọ́. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ya ìgbé ayé ojoojúmọ́ fi ń wá kámẹ́rà kékeré tí kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, Ricoh GR III sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dárúkọ. Ìdájọ́ wa nìyí, kẹ́ ẹ fi í sọ́kàn bẹ́ ẹ ti ń kà á lọ: kámẹ́rà yìí dára gan-an fún ẹni tó lè súnmọ́ èèyàn, kò sì wúlò rárá fún ẹni tó fẹ́ dúró lókèèrè máa yọjú.

Ìran GR ti pẹ́. GR1 tó ń lo fíìmù jáde lọ́dún 1996. Ọdún 2013 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sẹ́ńsọ̀ APS-C sínú rẹ̀, irú sẹ́ńsọ̀ ńlá tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí a lè pààrọ̀ lẹ́ńsì wọn. GR III dé ní 2019. GR IIIx, àbúrò rẹ̀, tẹ̀lé e ní 2021. Gbogbo ara GR III jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 109 ní ìbú, 62 ní gíga àti 33 ní nínípọn, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 257 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú. Ó wọ àpò ṣòkòtò láìfa ṣòkòtò wálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tàn án, kò ní gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó ṣe tán. Ọwọ́ kan ló ń fẹ́: ẹ lè fi ọ̀tún tò ó kẹ́ ẹ sì yàwòrán, kẹ́ ẹ máa fi òsì kí ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré láàárín àwọn èèyàn tó mọ̀ yín, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá há sára kámẹ́rà, àlejò ló máa ń jọ.

Lẹ́ńsì rẹ̀ kò ní súùmù. Mìlímítà 18.3 ni, f/2.8 ni ojú rẹ̀ lè là dé (bí nọ́ńbà f yìí bá ṣe ń ga sí i ni ojú lẹ́ńsì ń kéré sí i), ó sì ń ríran bí lẹ́ńsì 28 mm lórí kámẹ́rà fíìmù. Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sọ ọ́, kó lè yé ẹni tí kò lò ó rí. Bẹ́ ẹ bá dúró ní mítà 2 sí ẹnì kan, tẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà sí ìbú, ohun tó máa wọlé á fẹ̀ tó mítà 2.6, á sì ga tó 1.7. Àgbàlagbà tó bá nàró kò ní wọlé tán níbẹ̀, bí orí rẹ̀ kò bá gé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gé. Ẹ dá kámẹ́rà dúró lóòró, gíga á di mítà 2.6, gbogbo ara rẹ̀ á wọlé pẹ̀lú ilẹ̀ tó dúró lé àti nǹkan díẹ̀ lókè orí rẹ̀. Fún èèyàn méjì tó jókòó sọ̀rọ̀, mítà 1.5 tó. Bẹ́ ẹ bá wọnú mítà 1, imú á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi ju ojú lọ. Ẹ má sì fi orí ẹnikẹ́ni sí igun àwòrán, lẹ́ńsì tó fẹ̀ báyìí máa ń fa ohun tó bá wà létí, orí á gùn gbọọrọ, apá á sì rí bí ohun tí wọ́n tẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ lórí ìlà, ẹ sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì kẹ́ ẹ lè kó gbogbo wọn sí àárín.

Ohun tó mú kí GR yàtọ̀ pátápátá ni Snap Focus. Kámẹ́rà mìíràn á kọ́kọ́ wá ojú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà kó tó yà á, ìwọ̀nba àkókò tó fi ń wá a yìí ni ẹ̀rín fi máa ń lọ. Níhìn-ín, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un ṣáájú pé «ohun tí mo fẹ́ wà ní mítà 2», bẹ́ ẹ bá sì ti tẹ bọ́tìnì wọlé tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á yà á láìwá nǹkan kan. Ẹ yí bọ́tìnì òkè sí Av, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan bí ojú lẹ́ńsì ṣe máa là tó, kẹ́ ẹ dín in kù sí f/8. Ẹ wọnú mẹ́nù fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tó ń mú kí àwòrán hàn kedere, kẹ́ ẹ tan Full Press Snap, kẹ́ ẹ mú mítà 2.5. Ẹ fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sókè, sí Auto, kó má kọjá 6400, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń pa láti gba ìmọ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ lọ́ra ju 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Pẹ̀lú ètò yìí, ohun gbogbo láti nǹkan bíi mítà 1.2 títí dé ibi tí ojú rí mọ ló máa hàn kedere. Bẹ́ ẹ bá tò ó tán, ẹ fi pamọ́ sí U1, àyè ìpamọ́ ètò tó wà lórí bọ́tìnì òkè, kó má di pé ẹ tún ń to nǹkan nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn.

Níbo ló ti máa ń bàjẹ́? Ibi méjì. Èkíní, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ́ra lórí bọ́tìnì. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìlàjì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tán, kámẹ́rà á rò pé ẹ fẹ́ kí òun wá fókọ́ọ̀sì fúnra òun, Snap kò ní ṣiṣẹ́, ó sì lè lọ mú ògiri ẹ̀yìn dípò èèyàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé gbàrà, láìdúró lágbedeméjì. Èkejì, ẹni tó gbàgbé pé f/8 ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Nínú oòrùn, ISO 100 tó. Lábẹ́ ibòji, á gòkè lọ sí 400 tàbí 640, àwòrán ṣì máa mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tó ní gílóòbù lásán, ISO á kan 6400 tí a fi ṣe òkè, ìmọ́lẹ̀ kò sì tíì ní tó, kámẹ́rà á wá dín ìyára ṣọ́tà kù láìsọ fún yín. Àwòrán tó gbọ̀n rìrì lẹ máa bá nílé.

Nítorí náà, ẹ ṣe ètò kejì fún inú ilé àti ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi pamọ́ sí U2: f/2.8, ṣọ́tà 1/125, fókọ́ọ̀sì tí kámẹ́rà ń wá fúnra rẹ̀. ISO 800 sí 1600 ló máa ń tó nínú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹ má lo Snap ní f/2.8 àfi bó bá di dandan, torí bẹ́ ẹ bá tò ó sí mítà 2, láti 1.5 dé 2.9 péré ló máa hàn dáadáa. Ní f/5.6, á jẹ́ láti 1.2 dé bíi 5.5, ìyẹn ṣì ṣeé fọkàn tán. Ẹ kọ́ ojú yín ní mítà 2. Ìṣísẹ̀ àgbàlagbà máa ń súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 75, nítorí náà ìṣísẹ̀ mẹ́ta fi díẹ̀ ju mítà 2 lọ. Ẹ fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n nílé títí tí ẹsẹ̀ yín á fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dín gbígbọ̀n kù wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ yé gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lórí. Ọwọ́ ẹni tó ń yàwòrán ló ń bá wí, kò lè bá ọwọ́ ẹni tí à ń yà wí. Ògiri máa mọ́ kedere ní 1/15, ẹni tó ń gẹrun níwájú ògiri náà á dà bí èéfín. Ẹni tó jókòó sọ̀rọ̀ ń fẹ́ 1/125, ẹni tó ń rìn ń fẹ́ 1/250, ọmọ tó ń sáré ń fẹ́ 1/500.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ṣe pàtàkì, àwọn àgbéyẹ̀wò mìíràn sì máa ń fò ó. Ohun tí kámẹ́rà fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ògiri, gbogbo ohun tó bá rí ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun. Bí aláwọ̀ dúdú bá dúró níwájú ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, á bu ú kù, ojú ẹni náà á wá ṣókùnkùn débi pé ẹyin ojú àti eyín nìkan ló máa hàn. Ẹ fi +0.7 kún un níbi tí a ti ń fi kún ìmọ́lẹ̀ tàbí yọ nínú rẹ̀, tàbí +1 bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn, ìdàkejì ló máa ṣẹlẹ̀. Kámẹ́rà á tan ìmọ́lẹ̀ jù, iwájú orí rẹ̀ á máa kọ mànà bí ẹni fi epo pa á. Ẹ yọ 0.7 kúrò. Ọ̀nà ìwọn-ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú mẹ́nù tó ń dáàbò bo ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù nínú àwòrán. Ó dára fún ojú ọ̀run, kò dára fún ojú èèyàn. Ẹ máa ya DNG (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) àti JPEG (èyí tó ti tún ṣe tán) pọ̀, kẹ́ ẹ lè rí ohun gbé dìde nínú òkùnkùn bó bá yí yín lọ́wọ́.

Láàárín àwọn àwọ̀ tó wà nínú JPEG rẹ̀, Positive Film ni wọ́n ń yìn jù. Òótọ́ ni pé ó ń mú kí aṣọ aláràbarà yọ dáadáa. Àmọ́ ó le, ó máa ń rì ibi tó bá ṣókùnkùn mọ́lẹ̀, kò sì yẹ fún àwọ̀ dúdú lábẹ́ oòrùn ọ̀sán àfi tẹ́ ẹ bá dín contrast rẹ̀ kù, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn. Negative Film rọ̀ jù ú lọ, òun la sì fọwọ́ sí fún ojú èèyàn.

Ohùn ṣọ́tà rẹ̀ kò ju kí èékánná méjì kan ara wọn lọ. Ẹ pa ariwo bọ́tìnì. Ẹ pa iná kékeré tó ń ran fókọ́ọ̀sì lọ́wọ́ náà, torí òun gan-an ló máa ń ta àwọn èèyàn jí. Èyí kì í ṣe láti fi jí èèyàn yà o. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n rí kámẹ́rà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ gbàṣẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìgbà náà ni ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ máa wúlò. Ẹ fi àwòrán hàn wọ́n lójú kámẹ́rà, bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún wọn. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ 6000 sí 4000, megapixel 24, ó sì bá bébà ínǹṣì 6 sí 4 mu rẹ́gí láìgé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó lè tóbi dé ínǹṣì 20 sí 13 kó ṣì dán. Bẹ́ ẹ bá lo ìgékúrú 35 mm tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń gé etí àwòrán kó lè dà bí ohun tí lẹ́ńsì 35 mm yà, nǹkan bíi megapixel 15 ló máa kù. Ti 50 mm á ṣẹ́ ku nǹkan bíi 7, ìyẹn náà ṣì tó bébà kékeré.

Wàyí o, àléébù rẹ̀. Bátìrì ni olórí. Nǹkan bí àwòrán 200 ni wọ́n ní ó máa gbé, ẹni tó bá sì ń tan síkíríìnì wò ní gbogbo ìgbà kò ní rí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jáde fún odindi ọjọ́ láìmú bátìrì mẹ́ta. USB-C ló fi ń gba iná, páwà báǹkì lè ràn yín lọ́wọ́. Kò ní ihò ìwòran, síkíríìnì nìkan ni, oòrùn ọ̀sán sì máa ń borí rẹ̀. Ètò kan wà tó ń mú un mọ́lẹ̀ sí i níta, àmọ́ ó ń jẹ bátìrì. Fílááṣì tó wà lára GR II ni wọ́n yọ kúrò, ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ á fi tòde sórí rẹ̀, ìgbà yẹn kì í tún ṣe kámẹ́rà àpò mọ́. Kò fẹ́ òjò rárá. Fídíò rẹ̀ kò kọjá 1080p, ẹni tó bá ń ya fídíò kó wá nǹkan mìíràn.

Eruku ló ń dun àwọn tó ni ín jù. Bẹ́ ẹ bá ti ń tàn án tẹ́ ẹ ń pa á, lẹ́ńsì á máa jáde á máa wọlé bíi pọ́ǹpù, á máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, tòun ti ìdọ̀tí àpò. Eruku tó bá bà sórí sẹ́ńsọ̀ á di àmì dúdú róbótó lórí ojú ọ̀run. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbọn sẹ́ńsọ̀, ó ń gbọn èyí tó fúyẹ́, kì í gbọn èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ni ín kò sì lè ṣí lẹ́ńsì fúnra rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. Ẹ rán àpò kékeré tí kì í yọ òwú fún un. Kẹ́ ẹ tó tàn án, ẹ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ etí lẹ́ńsì. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ń bá afẹ́fẹ́ ẹnu jáde.

Ṣé III ni tàbí IIIx? Lẹ́ńsì IIIx jẹ́ 26.1 mm, ó ń ríran bíi 40 mm. Ojú èèyàn dára lórí rẹ̀ ju ti III lọ, kì í fa imú. Ṣùgbọ́n Snap kò fi bẹ́ẹ̀ bá a lára mu: ní f/8, mítà 2.5, láti 1.6 dé nǹkan bíi 5.6 nìkan ló máa hàn dáadáa, àṣìṣe kékeré sì máa tètè hàn. Ẹni tó bá ń ya èèyàn kọ̀ọ̀kan kó mú IIIx. Ẹni tó bá ń ya èèyàn pẹ̀lú ibi tí wọ́n ń gbé àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, III ni kó mú.

Bó bá jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti lò lẹ fẹ́ rà, ẹ tàn án kẹ́ ẹ pa á tó ìgbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá lẹ́ńsì ń ha nǹkan. Ẹ yí gbogbo bọ́tìnì yíyí rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ń fò. Ẹ yọ bátìrì, kẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì. Bó bá ń yí bí ẹyin, ó ti wú nìyẹn. Paríparí rẹ̀, ẹ fi í sí f/16 àti ISO 100, kẹ́ ẹ ya ògiri funfun, kẹ́ ẹ sì fẹ àwòrán náà lójú síkíríìnì láti igun kan dé ìkejì. Àmì róbótó tó bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á rí i kẹ́ ẹ tó máa dúnàá-dúrà.