Mo sanwó kọ́ àwòrán kọ̀ǹpútà ní Yaba, wọ́n ní kí n jókòó wòran

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, inú mi sì tún ń dùn, ẹ bá mi fara dà á tí ọ̀rọ̀ bá ń já síbí já sọ́hùn-ún.

Iṣẹ́ LED screen ni mò ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá lọ òde ìnáwó l'Ékòó tẹ́ ẹ rí skríìnì gàgàrà lẹ́yìn àwọn onílù, tí fọ́tò bàbá olóògbé ń lọ tó ń bọ̀ tí òdòdó ń já bọ́ lé e lórí, irú wa ló wà nídìí ẹ̀. Gbogbo nǹkan tó ń mì lẹ́yìn yẹn, ilé la ti ń ṣe é sílẹ̀, a ó wá rẹ́ńdà ẹ̀, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà á máa ya àwòrán ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi di fídíò, rẹ́ńdà yìí ló sì fẹ́ pa mí. Màá gbé e kaná laago mẹ́wàá alẹ́, á ku díẹ̀ kó parí láago mẹ́ta òru, wọ́n á mú iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ò kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fò sókè nígbà tí mo rí flyer àwọn kan ní Yaba pé àwọn fẹ́ kọ́ èèyàn ní real-time, pé ẹni tí ò mọ nǹkan kan náà lè wá. Fún ẹni tí ò bá mọ real-time, kò sí pé à ń dúró de rẹ́ńdà ńbẹ̀ rárá, bó o ṣe ń yí nǹkan padà ló ń yí lójú ẹ, kọ̀ǹpútà yẹn ń tún àwòrán yà bí ọgọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 25k fún ọjọ́ méjì, Sátidé àti Sọ́ńdè. TouchDesigner ni sọ́fítíwíà tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ wa. Wọ́n ní ká gbé láptọ́ọ̀pù dání. Ó parí, wọn ò sọ irú èyí.

Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú ni mo dé láti Mushin. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Kò kí mi. Ó ní RAM mélòó. Mo ní gíìgì 4. Ó ní graphics card, ohun tó ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà, ńkọ́, mo ní èyí tó bá inú ẹ̀ wá náà ni, tòkúńbọ̀ Computer Village ni. Ló bá yíjú sí ẹnì kejì ẹ̀ ó rẹ́rìn-ín, ó ní "bàbá yìí náà fẹ́ ṣe TouchDesigner o." Bàbá kẹ̀! Ọdún 43 ni mí! Ó wá mú káàdì tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn, orúkọ ni wọ́n kọ sí tàwọn yòókù, ó fi máákà pupa kọ OBSERVER, òǹwòran nìyẹn, sí tèmi. Káàdì yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi níbí, R tó kẹ́yìn ò tiẹ̀ gba ojú ìwé, ó rún un sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní kí wọ́n bá mi pe ọ̀gá wọn. Ó dé láago mẹ́wàá kọjá, ó ki nǹkan bọ etí kan, ó ní àwọn kì í dá owó padà, ó wà nínú àdéhùn. Mo ní níbo? Ó yọ fóònù, ó ń fa flyer náà sókè, lábẹ́ pátápátá, lẹ́tà wíńníwínní bí èèrà, lóòótọ́ ó wà ńbẹ̀ pé owó ò ní padà. Mo ní ó dáa, ẹ wá bá mi wá ibi tẹ́ ẹ kọ graphics card sí. Ó fà á sókè, ó fà á sísàlẹ̀, mo ní ẹ tún un fà. Ó ní ó yẹ kí n mọ̀. Mo ní tí mo bá mọ̀, kí ni mo wá ń kọ́ lọ́dọ̀ yín?

Ẹ ò ní gbàgbọ́, àwọn tó gbé láptọ́ọ̀pù olówó ńlá wá náà di òǹwòran. Èèyàn méjìlélógún, Wáì-fáì kan, gbogbo wọn ń dáńlóòdù TouchDesigner lẹ́ẹ̀kan náà. Tó fi di aago méjìlá, èèyàn méje ló parí. Mo rẹ́rìn-ín nínú.

Tíṣà yẹn mọ iṣẹ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nínú TouchDesigner, àpótí kéékèèké lẹ máa ń fi wáyà so pọ̀, ti tíṣà ló wà lójú ògiri, ó ń so ó ń tú, ó yé mi ju bí mo ṣe rò lọ. Mo béèrè bóyá mo lè fi ọ̀fẹ́ ẹ̀ ṣiṣẹ́ òde. Kò fi dù mí: ó ní àwòrán tí ọ̀fẹ́ yẹn máa gbé jáde ò lè kọjá píksẹ́lì 1280 sí 1280, àti pé wọn ò gbà kéèyàn fi gbowó, àfi kí n ra láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ Derivative tó ni ín ní Kánádà. Òun nìkan ni ò wo káàdì ọrùn mi kó tó dáhùn. Oúnjẹ ọ̀sán: jọ̀lọ́ọ̀fù, ó tutù.

Bí aago mẹ́ta, mo ti ń di báàgì. Ọmọbìnrin kan lára àwọn tó ń ran tíṣà lọ́wọ́ wá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì jẹ́ n rí láptọ́ọ̀pù yín ná." Ó ṣí Chrome, ó tẹ Hydra, ibi téèyàn ti ń kọ kóòdù kó di àwòrán tó ń mì. Kò dáńlóòdù nǹkan kan o, inú búráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó pa gbogbo ohun tó wà ńbẹ̀ rẹ́, ó kọ `osc(20, 0.1, 1).out()`, ó ní kí n fọwọ́ ara mi tẹ Ctrl, Shift àti Enter pọ̀.

Ilà aláwọ̀ oríṣiríṣi bo gbogbo ojú láptọ́ọ̀pù mi, ó ń ṣàn! Fáànù ń pariwo bí ẹ̀rọ ata, ṣùgbọ́n ó ń ṣàn! Ó ní kí n sọ 20 yẹn di 5, mo sọ ọ́ di 5, ilà sanra. Mo dá a padà sí 20, ó wá ki `kaleid(6)` sáàárín, àwọn ilà yẹn ká jọ, wọ́n di onígun mẹ́fà, ọ̀kan nínú ikùn èkejì, bí àdìrẹ Ìtòkú. Ó ní kí n fojú omi ẹ̀rọ wò ó, osc ni táǹkì, gbogbo ohun tó bá wà láàárín ni páìpù, out ni ẹnu ẹ̀rọ. Ó ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Olivia Jack ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni.

Mo wá rántí pé gángan tí mo gbà sílẹ̀ lóde kan wà lórí fóònù mi. Ó kọ `shape(6).scale(() => a.fft[0]*3).out()`, a jẹ́ kí búráúsà lo máíkì. Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn. Bí gángan bá bọ́ sí ohùn ìsàlẹ̀, nǹkan yẹn á wú, bó bá gòkè á sún kì. Ó ń mí! Kí n tó mọ̀, àwọn yòókù ti fi TouchDesigner tí kò tíì dáhùn sílẹ̀, wọ́n yí mi ká.

Ọ̀gá yẹn náà dé, ó ń fi fóònù ṣe fídíò mi. Alẹ́ ọjọ́ náà ló gbé e síta pé ẹ wo ohun táwọn akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ń ṣe. OBSERVER pupa hàn gbangba láyà mi nínú fídíò yẹn.

Sọ́ńdè, epo jẹnẹrétọ̀ tán láago kan, ó yẹ ká dé aago mẹ́ta. "Ẹ má bínú." Kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbé Hydra lọ òde kan l'Ágége. Mi ò lo máíkì láptọ́ọ̀pù, ariwo jẹnẹrétọ̀ á wọ inú ẹ̀, mo bẹ onísáúǹdì kó fún mi ní láìnì kan látinú mixer, mo sì fi `a.setSmooth(0.9)` sí i kó má baà máa gbọ̀n pépé. Ìyá olóde pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní aṣọ tó wà lójú skríìnì yẹn, níbo ni wọ́n ti ń tà á.

Máàkì: 2 nínú 5. Tòṣù tó ń bọ̀, mo ti sanwó ẹ̀, fún èmi àti àbúrò mi tá a jọ ń gbé skríìnì. Mo kọ́kọ́ béèrè ṣá bóyá ọmọ tó ṣí Hydra fún mi yẹn máa wà ńbẹ̀.